Itẹ́ Òkú Kì í Ṣe Ilẹ̀ Ìgbàgbé: Ohun tí Mo Rí Kọ́ ní Abney Park, Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa retí lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Ọ̀rọ̀ itẹ́ òkú ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń gbé kalẹ̀ níbi ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ dá sílẹ̀, àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ là á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò ló gbé bàbá wọn wá sí Òkè Ọya. Àwọn kan padà sílé, àwọn kan kò padà. Bàbá tèmi wà lára àwọn tí kò padà. Rélùwéè ló gbé e wá, ìlú yìí ló kú sí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, itẹ́ òkú àtijọ́ ni wọ́n sì sin ín sí. Ìyá mi a máa júwe ibẹ̀ fún wa pé: "Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Lábẹ́ igi máńgòrò ńlá, ibojì kẹta." Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó ráyè wá a lọ. Kò sí igi máńgòrò mọ́. Koríko ga dé àyà mi, màlúù ń jẹ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin kan sì jókòó sórí ibojì ẹlòmíràn, wọ́n ń mu igbó. Mo lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ kó ní ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n ní ìwé àwọn ọdún yẹn kò sí mọ́. Mo padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo gbàdúrà sí gbogbo ilẹ̀ náà lápapọ̀, nítorí n kò mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá mi. Mo sì gba ilé lọ.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

BÍ MO ṢE DÉ ABNEY PARK

Agbègbè tí à ń pè ní Stoke Newington, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Hackney, ni ọmọ mi ń gbé. Ní ọjọ́ kan tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí a jáde lọ gba atẹ́gùn díẹ̀." Kò sọ ibi tí à ń lọ fún mi. A gba ẹnu ọ̀nà ńlá kan wọlé, tí wọ́n ṣe àwọn òpó rẹ̀ bíi ti ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́. Kí n tó mọ̀, òkúta ibojì ni mo rí lọ́tùn-ún àti lósì. Mo dúró gbọnin. Mo ní, "Ṣé itẹ́ òkú lo mú mi wá láti wá gba atẹ́gùn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ ṣáà wo iwájú yín ná."

Mo wo iwájú. Ìyá kan ń ti ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìwé ìròyìn. Olùkọ́ kan kó àwọn ọmọ iléèwé yí ìdí igi kan ká, wọ́n ń ka irú ewé rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn méjì kan wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ń gé ẹ̀gún kúrò lára ibojì kan. Kò sí ẹni tó ń pariwo, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù. A rìn nínú ọgbà náà fún bíi wákàtí méjì, n kò sì sanwó ìwọlé fún ẹnikẹ́ni.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI DÁ A SÍLẸ̀

Ní ọdún 1801, àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 1851, wọ́n ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sin òkú sí, àwọn ọgbà wọ̀nyí sì kún débi pé wọ́n ń sin òkú lé òkú lórí. Àrùn onígbáméjì tó jà ní ọdún 1832 tún dá kún ìpayà náà. Ìjọba wá fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láyè láti ra ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n fi ṣe itẹ́ òkú. Láàárín ọdún 1833 sí 1841, méje ni wọ́n ṣí: Kensal Green, West Norwood, Highgate, Abney Park, Nunhead, Brompton àti Tower Hamlets. Oṣù karùn-ún ọdún 1840 ni wọ́n ṣí Abney Park, ilẹ̀ rẹ̀ sì ju ọgbọ̀n éékà lọ.

Ohun méjì ló mú Abney Park yàtọ̀ sí àwọn mẹ́fà yòókù. Èkíní ni pé kò sí ìjọ kan tó ni ín. Àwọn Kristẹni tí kì í ṣe ti Ìjọ Áńgílíkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, wọn kò sì ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ìjọ kankan. Ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè sin síbẹ̀. Èkejì ni igi. George Loddiges, ọ̀gá àwọn tó ń gbin igi tà ní Hackney, gbin nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ irú igi àti òdòdó sí ibẹ̀. Ó tò wọ́n yí etí ọgbà ká gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì, láti A dé Z, ó sì kọ orúkọ wọn sára wọn. Ẹni tó bá wá sìnkú, tàbí tó wá bẹ ibojì èèyàn rẹ̀ wò, yóò kọ́ nǹkan kó tó padà sílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ti òkú àti ti alààyè ni ibẹ̀.

Orúkọ kan wà níbẹ̀ tó kàn wá. Lórí ilẹ̀ yìí ni ilé Lady Mary Abney wà láyé ọjọ́un, ilé náà ni Isaac Watts sì gbé títí ó fi kú ní ọdún 1748. Itẹ́ òkú Bunhill Fields ni wọ́n sin òun sí, ṣùgbọ́n ère rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 1845 wà láàárín Abney Park. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin nínú ìwé orin mímọ́ Yorùbá mọ iṣẹ́ ọkùnrin yìí dáadáa, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. William Booth àti Catherine ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ogun Ìgbàlà sílẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 1920 ni ẹgbẹ́ náà dé Èkó.

BÍ Ó ṢE DI IGBÓ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni à ń jẹ́ kí itẹ́ òkú di igbó. Ilé-iṣẹ́ tó ni Abney Park ń jẹun lórí ilẹ̀ ibojì tí wọ́n ń tà. Nígbà tí ilẹ̀ tán, owó tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán. Àwọn tí wọ́n ti sin síbẹ̀ tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn 200,000. Ta ni yóò máa gé koríko orí gbogbo wọn? Láàárín àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé. Igi hù láàárín ibojì, gbòǹgbò ń ti òkúta ṣubú, àwọn ọmọ ìsọta ba ilé àdúrà àárín ọgbà jẹ́ títí tí òrùlé rẹ̀ fi lọ. Ní ọdún 1979, ìjọba ìbílẹ̀ Hackney gba ilẹ̀ náà ní owó pọ́ùn kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá ta ilẹ̀ tó ju ọgbọ̀n éékà lọ fún yín ní pọ́ùn kan nínú ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ̀ pé ẹrù ni wọ́n gbé lé yín lórí.

BÍ Ó ṢE PADÀ BỌ̀ SÍPÒ

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní ọdún 1991, àwọn ará àdúgbò dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa tọ́jú ọgbà náà. Wọ́n kò ní kí wọ́n gé gbogbo igi lulẹ̀. Wọ́n rí i pé igbó tó hù láìsí olùtọ́jú ti di ilé fún ẹ̀dá tí kò ríbi gbé láàárín ìlú mọ́. Ní ọdún 1993, wọ́n sọ ọ́ di ibi ààbò fún ewéko àti ẹranko. Igi tó bá wó, tí kò dí ọ̀nà, wọn a fi í sílẹ̀ kó máa jẹrà, nítorí inú igi kíkú ni kòkòrò ń bímọ sí, kòkòrò yìí ni ẹyẹ àkókó sì ń jẹ. Olú oríṣiríṣi ń hù níbẹ̀. Àdán wà níbẹ̀, òwìwí náà wà. Àwa ń sá fún òwìwí, àwọn ń fi ọwọ́ hàn án fún ọmọdé.

Ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ là. Ibi tí ènìyàn bá ń gbà kọjá lójoojúmọ́, ọmọ ìsọta kì í lè fi í ṣe ibùba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ka orúkọ ara òkúta, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń mú àwọn èèyàn yí ọgbà náà ká láti sọ ìtàn àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń wá kọ́ nípa ewéko. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ orin Amy Winehouse lè ti rí ibẹ̀ nínú fídíò kan tó ṣe ní ọdún 2007. Ní ọdún 2023, wọ́n parí iṣẹ́ àtúnṣe ńlá kan tí owó lọ́tìrì ìjọba àti owó káńsù gbé ró. Ilé àdúrà náà tún rí òrùlé bo orí, wọ́n sì ṣe ilé tí a ti lè jókòó mu tíì sẹ́nu ọ̀nà.

Ibojì kan wà tí mo dúró tì pẹ́. Ti Joanna Vassa ni. Ọmọ Olaudah Equiano ni, ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, tó sọ nínú ìwé tó kọ jáde ní ọdún 1789 pé ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ni òun. Ọdún 1795 ni wọ́n bí Joanna, ó sì kú ní 1857. Igbó ti gba ibojì rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì wá a, wọ́n tún un ṣe, ìjọba sì ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Mo ka orúkọ rẹ̀ lára òkúta náà ketekete. Ẹ̀yin ará, ọkàn mi gbọgbẹ́. Wọ́n rí ibojì ọmọ ọmọ ilẹ̀ wa nílẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún, èmi kò sì rí ti bàbá mi nínú ìlú tí mo ti dàgbà.

ṢÉ ÀṢÀ WA KÒ LÒDÌ SÍ I?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ibi tí òkú wà kì í ṣe ibi eré, wọn yóò ní kí a má ko ọmọdé lọ síbi tí àǹjọ̀nú wà. Ẹ jẹ́ kí a rántí dáadáa. Níbo ni àwọn bàbá ńlá wa ń sin òkú àgbà sí? Inú ilé ni. Nínú yàrá, tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwa tí a wà láyé nígbà náà mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá àgbà sí gan-an ni a ń tẹ́ ẹní sí láti sùn. Ibẹ̀ ni a ti ń jẹun, ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ àlọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kí a sá. Láràárọ̀ ni ìyàwó ilé ń gbá orí ibojì náà, nítorí pé ilé ló ń gbá.

Nígbà tí ìlú ń fẹ̀, tí òfin ìjọba àti ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó dé, a gbé òkú kúrò nínú ilé lọ sí itẹ́ òkú. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé a gbé òkú lọ, a fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ìgbà tí a kò lọ síbẹ̀ mọ́ ni ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wá ń lọ síbẹ̀ dípò wa ni àwọn tí kò yẹ kó lọ: amugbó, olè, àti àwọn tó ń wá egungun èèyàn kiri.

Ti àwọn Mùsùlùmí inú wa yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹ̀sìn wọn kò fẹ́ kí a kọ́lé sórí sàréè tàbí kí a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Síbẹ̀, ẹ̀sìn náà gbà wá láyè láti lọ sí sàréè, kí a rántí ikú, kí a sì ṣe àdúà fún àwọn tó ti lọ. Báwo ni a ó ṣe lọ bí kò bá sí ọ̀nà?

Tí ibi ìsinmi òkú kò bá ní alábẹ̀wò, ẹni tó ń wá ilẹ̀ yóò rí i. Ẹ wo Èkó. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther kú ní ìparí ọdún 1891, itẹ́ òkú Ajélẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn ènìyàn pàtàkì ìgbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n wó itẹ́ òkú náà, wọ́n sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ohun tó kù lára Crowther lọ sí Kàtídírà ti Kírísítì ní Marina. Òun rí ẹni gbé e, nítorí orúkọ rẹ̀ tóbi. Àwọn tí orúkọ wọn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

OWÓ ŃKỌ́?

Ẹnìkan yóò ní owó Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń sọ. Òótọ́ ni pé a kò ní owó lọ́tìrì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Congressional Cemetery ní ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1807 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì bàjẹ́ débi pé ní ọdún 1997, wọ́n kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn mọ́kànlá tí ewu ìparun wu jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwọn tó kọ́kọ́ dìde ni àwọn ará àdúgbò tó ń mú ajá wọn rìn níbẹ̀. Wọ́n kóra jọ, wọ́n ń dá owó lọ́dọọdún, wọ́n sì fi owó náà gé koríko. Ní ọdún 2013, ewúrẹ́ ni wọ́n kó wá jẹ igbó tó fẹ́ bo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú sí ewúrẹ́ aládùúgbò, ẹ gbọ́!

Èmi kò sọ pé kí a kó ajá wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe owó ńlá ló kọ́kọ́ gba àwọn ibi wọ̀nyí là. Ẹsẹ̀ àwọn alààyè tó ń rìn kọjá níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ débẹ̀ ni owó tó tẹ̀ lé e.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA LÈ ṢE

Èkíní ni ìwé orúkọ, èyí kò sì lè dúró. Àwọn tó mọ ibi tí wọ́n sin àwọn ará wa sí ti ń dín kù. Mo bẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n kọ orúkọ ẹni wọn tó wà ní itẹ́ òkú àtijọ́ fún akọ̀wé ẹgbẹ́: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọdún tó kú, àti àpèjúwe ibojì rẹ̀. Ìwé ogójì ojú ewé kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ lọ rí ìjọba ìbílẹ̀ kí a tó gbé àdá. Kí a sì ké sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yà mìíràn, nítorí kì í ṣe Yorùbá nìkan ló sùn síbẹ̀. Àwọn bàbá wa ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì jọ wà nínú ilẹ̀ kan náà báyìí.

Ẹ̀kẹta, kí a yan Sátidé kan lóṣù fún iṣẹ́. Kí a kọ́kọ́ la ọ̀nà kan láti ẹnu géètì dé ògiri ẹ̀yìn. Kí a má gé igi tó ní ibòòji, kí a tilẹ̀ gbin máńgòrò àti dóńgóyárò sí i, kí a sì gbé bẹ́ǹṣì méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí òfin wà: kò sí ọtí, kò sí orin aláriwo, kò sí jíjókòó lórí ibojì. Ní Abney Park, ọmọdé ń sáré lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò rí ẹyọ kan tó gun òkúta ẹnikẹ́ni. Kí àwọn òbí mú ọmọ wá, kí wọ́n sì sọ fún wọn ẹni tí wọ́n ń kọjá lára rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó ṣeé ṣe kí n má rí ibojì bàbá mi láéláé. Ìyá mi tó mọ̀ ọ́n ti lọ, igi máńgòrò náà sì ti lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilẹ̀ náà bá mọ́, láti ẹnu géètì títí dé ògiri, ibi yòówù tí wọn ì báà sin ín sí, orí rẹ̀ yóò mọ́. Èmi yóò wà níbẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́, pẹ̀lú àdá àti ìgbálẹ̀ mi. Mo ń retí yín.